Iná tí ń ṣẹ́jú lára Ọkọ̀, àti Ohun tí Òfin Wí nípa Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ láì fọhùn a máa di àrokò. Ìtumọ̀ tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó dì í ni ó gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn ẹni tí yóò tú u. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àrokò náà a di ẹ̀tàn. Àrokò ni iná tí ń ṣẹ́jú lára ọkọ̀ mọ́tò pẹ̀lú. Awakọ̀ kò lè ké sí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ó sì gbọ́. Nítorí náà ni òfin ṣe fún iná kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni awakọ̀ máa ń nà jáde bí ó bá fẹ́ yà. Lẹ́yìn náà ni a ṣe apá kékeré kan tí ń yọ jáde láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Tráfíkétọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Apá náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ wa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iná tí ó gba ipò rẹ̀.

A ó fi òfin iná ọkọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a ṣe ní ọdún 1989, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí tí ó la ọ̀rọ̀ náà yékéyéké, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa sì ń wakọ̀ níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí, ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ lò kí ọdún 1936 tó bẹ̀rẹ̀ lè wà láì ní tráfíkétọ̀. Ti ọkọ̀ ìsinsìnyí gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n, kí ó sì máa ṣẹ́jú láàrin ìgbà 60 àti 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ lò láti oṣù kẹrin ọdún 1986 gbọ́dọ̀ ní iná ewu pẹ̀lú, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní házáàdì. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni ó ń tan gbogbo tráfíkétọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ bí a tilẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnì.

Nígbà wo ni a lè tan iná ewu yìí? Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ó sì dí ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, kìkì lórí òpópónà ńlá tí ọkọ̀ ti ń sá eré púpọ̀ ni a lè tàn án, láti kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé ìdènà wà níwájú. Òfin náà yọ̀ǹda díẹ̀ fún ọkọ̀ èrò, irú bí èyí tí ó dúró kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè wọlé tàbí kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo oríta ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa tan iná ewu láti fi hàn pé iwájú tààrà ni àwọn ń lọ. Òfin kò fún iná náà ní irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ láti ọ̀nà apá ọ̀tún, iná ọ̀tún nìkan ni ó rí, nítorí tí ara ọkọ̀ bo ti òsì mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi apá òsì sílẹ̀ tí ó sì ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó bá yà sí ọ̀tún kì í gba iwájú ẹni yìí kọjá. Ọkùnrin náà rò pé ọ̀nà ṣí fún òun, ó wọ oríta. Ọkọ̀ tí ó rò pé yóò yà sì ń bọ̀ tààrà wá bá a. Nípa báyìí ni ẹ̀mí fi ń ṣòfò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nígbà òjò. Bí gbogbo ọkọ̀ bá tan iná ewu bí wọ́n ti ń lọ, báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó dúró? Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì fẹ́ yà, iná wo ni yóò fi sọ ọ́? Iná iwájú ni kí a tàn, kí a sì dín eré kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ yà, ẹ tan tráfíkétọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó kú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà tán. Bí iwájú tààrà ni ẹ ń lọ, ẹ má ṣe tan ìkankan. Bí ọkọ̀ bá dákú, ẹ tan iná ewu, kí ẹ sì gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìlànà awakọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó jìnnà tó mítà 45 ó kéré tán, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé e kalẹ̀ lórí òpópónà eré ńlá. Ewé tí a ń já sójú ọ̀nà kò tó, nítorí tí kì í tàn lóru.

Òfin Ọlọ́run kọ ẹ̀rí èké. Iná tí ó bá ń sọ ohun tí awakọ̀ kì yóò ṣe, ẹ̀rí èké ni lójú pópó, ọmọnìkejì wa ni ó sì lè fi ẹ̀mí san án.