Eegun Orí Orúnkún Tó Ṣẹ́: Iṣẹ́ Abẹ àti Ìtọ́jú Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Ajégúnlẹ̀ wọ Àpápá GRA yóò mọ bí tírélà tó ń lọ sí èbúté àti ọ̀kadà ṣe du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá ní oṣù Kẹfà, 2022. Ẹni tó bá ṣubú lu orúnkún láti orí ọ̀kadà, tàbí tí orúnkún rẹ̀ gbá iwájú ọkọ̀ nínú ìjàǹbá, lè fọ́ eegun pẹlẹbẹ tó bo iwájú orúnkún. Eegun yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Eegun orí orúnkún kò dá dúró bí eegun apá. Inú iṣan tó so ẹran iwájú itan mọ́ ojúgun ni ó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti iṣan náà síwájú díẹ̀, kí agbára itan lè tó láti na ẹsẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá ṣẹ́ ní ìbú, ẹran itan yóò fa apá òkè lọ sókè, iṣan ìsàlẹ̀ yóò di apá kejì mú, àlàfo yóò sì là láàárín wọn. Bó ti wù kí a di ẹsẹ̀ náà tó, kò dájú pé méjèèjì yóò padà pàdé. A kò sọ èyí láti tàbùkù àwọn tí ń to eegun nílẹ̀ wa. Eegun inú iṣan ni èyí, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

Dókítà yóò ní kí aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè ní nínà. Bí ó bá lè ṣe é, tí àwòrán X-ray sì fi hàn pé eegun náà kò yà ju bíi mìlímítà 2 tàbí 3 lọ, P.O.P. fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lè tó. Bí kò bá lè ṣe é, iṣẹ́ abẹ ló kù.

Ìgbóbì ni ọkàn ará Èkó máa ń lọ bí ọ̀rọ̀ bá di ti eegun. Ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni níbẹ̀rẹ̀; ní 1945 ni ó di ilé ìwòsàn eegun. Ní ti iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé ni pé oníṣẹ́ abẹ yóò to eegun padà, yóò fi irin tínrín méjì gún un ní òòró, yóò sì fi wáyà yí i ní iwájú bí àmì 8. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ni: bí orúnkún bá ń ká, agbára tí ìbá fa eegun ya ni wáyà ń sọ di èyí tí ń fún un pọ̀. Bí eegun bá rún jù, a lè yọ èyí tó rún, kí a sì rán iṣan mọ́ èyí tó kù.

Nítorí wáyà yìí ni a kì í fi í dẹ aláìsàn sílẹ̀ lórí ibùsùn. Yóò máa fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn, pẹ̀lú ìdè tó mú orúnkún dúró ní nínà, olùtọ́jú yóò sì máa kọ́ ọ láti ká a díẹ̀díẹ̀. Eegun sábà máa ń so láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ṣùgbọ́n agbára itan lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìkúnlẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù. Nígbà mìíràn kì í padà bọ̀ sípò pátápátá. Èyí kan olùkọ́ gan-an: akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó dúró gbagidi kí àgbà lè má jẹ́ aláfojúdi rárá, ẹni tí a sì ní kó kúnlẹ̀, kó káwọ́ sókè, lè jẹ́ ẹni tí wáyà wà lábẹ́ awọ orúnkún rẹ̀. Bí wáyà náà bá ń gún un lẹ́yìn tí eegun ti so, oníṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́ kúrò.