Kí Òbí Tó Ra Kọ̀ǹpútà Alágbèéká fún Ọmọ Tí Ń Lọ sí Yunifásítì

 

Nígbà tí àwa ń jáde ní ilé-ìwé yìí, àpótí irin, ìbùsùn fóòmù, àwo àti ṣíbí ni òbí fi ń sin ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni ó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, akọ̀wé nìkan ni ó sì ń fọwọ́ kàn án. Lónìí, ọmọ tí ó bá ti Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò gba yunifásítì lọ, kò lè ṣe é kí ó má ní kọ̀ǹpútà alágbèéká. Lórí rẹ̀ ni yóò ti kàwé, tí yóò ti kọ iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò ti ya àwòrán, tí yóò sì ti ta géèmù díẹ̀ nígbà tí ọpọlọ bá rẹ̀ ẹ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹlòmíràn nínú wa ń dúró títí èésú yóò fi kàn án kí ó tó lè rà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ohun tí a fi owó àti ìtìjú ara wa kọ́.

Àṣìṣe wa

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ wa obìnrin wọ yunifásítì láti kọ́ nípa yíya àwòrán ilé. A mú owó lọ sí ọjà, a rí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tí ara rẹ̀ ń dán, tí bébà pélébé tí a lẹ̀ mọ́ ọn kọ “i7”. Ẹni tí ń tà á búra pé kò sí èyí tí ó ju i7 lọ. A sanwó, a gbàdúrà sí i, a fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí ọmọ kò fi lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò mọ́. Ó ní ẹ̀rọ náà ń dákú nígbà tí òun bá ṣí àwòrán. Àwa kò gbà á gbọ́. A ti rí i tí ó ń ta géèmù bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ nígbà ìsinmi, a sì ti pinnu pé géèmù ni ó ń jẹ àkókò rẹ̀. A bá a wí gidigidi, ó sì sunkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ, tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ni ó yẹ ẹ̀rọ náà wò tí ó sì fi hàn wá pé i7 ìran kejì ni, irú èyí tí ó jáde ní ọdún 2011, àti pé RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ. Ọmọ kò purọ́. Àwa ni a di ẹrù lé ẹ̀rọ tí kò lè gbé e. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ wa, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì méjì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní sáà náà, ó sì ní láti tún wọn ṣe.

Iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ béèrè

Nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 14, Olúwa wa fi ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́ kọ́ wa pé ìṣirò ni ó ń ṣáájú ìpìlẹ̀. Ìṣirò tiwa ni pé kí a bi ọmọ léèrè ohun tí yóò fi ẹ̀rọ náà ṣe. Ọmọ tí ń kọ́ òfin, ìtàn tàbí ìṣirò owó, kíkà àti kíkọ ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀; RAM 8GB tó o. Ẹni tí ń kọ́ yíya àwòrán ilé, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ ọnà, tí yóò máa lo AutoCAD, Photoshop tàbí CorelDRAW, 16GB ni kí a máa wá fún un. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ẹ̀ka náà. Revit tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò, Windows ni a ṣe é fún. Ẹni tí ó bá ra Mac nítorí ẹwà rẹ̀ yóò bá ìṣòro pàdé.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Èkíní ni prósẹ́sọ̀, èyí tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ. Lára ẹ̀rọ Intel, i3, i5 tàbí i7 kì í sọ ọjọ́ orí; nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e ni ó ń sọ ọ́. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ. I5-1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá. Irú i5 ìran kọkànlá yìí yóò fi i7 ìran kejì tí a rà sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá.

Èkejì ni RAM. Ó dà bí tábìlì tí a ń tẹ́ iṣẹ́ sí: bí tábìlì bá kéré, a ó máa kó ìwé sọ̀kalẹ̀ kí a tó rí àyè gbé òmíràn sí i. Ẹ̀kẹta ni àká tí a ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. HDD àtijọ́ ní àwo tí ń yí nínú. SSD kò ní ohun tí ń yí, ó yára jù ú lọ, ó sì lè fara da gbígbọ̀n inú dánfó. Kí ó má ṣe dín sí 256GB. 512GB ni ó dára fún ayàwòrán.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, a lè fi RAM àti SSD kún un lẹ́yìn, ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ kì í sábà ṣeé pààrọ̀. Bí owó kò bá tó, prósẹ́sọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kí ẹ sì béèrè bóyá RAM rẹ̀ ṣeé fi kún. Fún iṣẹ́ àwòrán, kí ojú rẹ̀ jẹ́ 1920 × 1080. 1366 × 768 tí ó wà lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ há jù.

Ní ti géèmù

Géèmù díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá lè gbé iṣẹ́ àwòrán yóò gbé géèmù fúyẹ́fúyẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a dìídì ṣe fún géèmù wúwo, ó ń gbóná, bátìrì rẹ̀ kì í sì pẹ́. Ṣájà rẹ̀ sábà máa ń jẹ iná tí ó ju 150W lọ, nígbà tí 65W tó fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré. Ẹni tí ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná mọ ohun tí ìyàtọ̀ náà jẹ́ nínú owó epo.

Ní ọjà

Ọ̀pọ̀ wa ni yóò gba Ìyànà-Ìpájà lọ sí Òtìgbà ní Ìkẹjà, ọjà kọ̀ǹpútà tí ìjọba Èkó ti ń gbèrò láti kó wá sí Katangowa ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Olóòótọ́ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí a la ojú wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft fi òpin sí àtìlẹ́yìn fún Windows 10. Yàtọ̀ sí díẹ̀, Windows 11 kò gba ẹ̀rọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017. Nítorí náà ni àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ fi lè pọ̀ lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú.

Kí a tó sanwó, kí a tan ẹ̀rọ náà. Bí a bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager yóò fi prósẹ́sọ̀, RAM àti irú àká tí ó ní hàn. Bí a bá kọ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt, yóò sọ agbára tí bátìrì ní nígbà tí a ṣe é àti èyí tí ó kù. Bí ó bá jẹ́ 50,000 tẹ́lẹ̀ tí ó ku 20,000, ó ti ju ìdajì lọ tí ó ti kú. Bí ẹ̀rọ bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tí ń tà á kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ó lè jẹ́ ẹrù olè. Kí ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé, a dúpẹ́. Ẹ yọ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù yín kúrò kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì wò ó pé ṣájà rẹ̀ kọ 100–240V.

Ọmọ wa ti di ayàwòrán ilé lónìí. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì, òun ni ó mú wa lọ sí ọjà, tí ó jókòó ti ẹ̀rọ fún odidi wákàtí kan kí ó tó ní kí a sanwó. Àwa dúró sẹ́yìn rẹ̀, a di àpò owó mú, a kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ wò kí ẹ tó bá ọmọ wí.