Bí A Ti Ń Ná Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Ṣàṣà ni ọjà tí a kì í ná nílẹ̀ Yorùbá, ìbáà ṣe iṣu, ìbáà ṣe aṣọ òkè. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ iṣu í ná dáradára lè dé iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wọhò. Ojú lásán ti tó láti mọ iṣu tí ó ti rà, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún ni àrùn ọkọ̀ ń gbé.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ bíi SCOA ń ta Peugeot tuntun, iye tí ilé iṣẹ́ bá dá lé e ni olówó sábà máa ń san. Lóde òní, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, èyíinì ni ọkọ̀ tí àwọn ará òkèèrè ti lò kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó tàbí Kútọnù.

Bí àgbẹ̀ kòkó kan ní Imoru, ní ìhà Ọ̀wọ̀, bá kó owó ọdún mẹ́ta jọ láti ra irú rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òǹtajà mọ iye tí ó wà lápò òun. Mẹkáníìkì tirẹ̀ ni kí ó mú dání, kì í ṣe èyí tí ó bá níbẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù ni kí wọ́n dé ọ̀hún, nítorí ẹ́ńjìnnì tí a ti tan sílẹ̀ títí ó fi gbóná a máa fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Bí èéfín aláwọ̀ aró bá ń jáde, ọ́ìlì ni ó ń jó nínú rẹ̀.

Bí òǹtajà bá pe ₦3,000,000, òǹrajà a ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba mílíọ̀nù méjì.” Òǹtajà a bú sẹ́rìn-ín: “Owó yẹn kò tó o. Ẹ fi kún un.” Nígbà náà ni kí òǹrajà ka gbogbo àléébù tí mẹkáníìkì rí, kí ó tó fi díẹ̀ kún un. Ẹni tí ó bá kánjú béèrè pé, “Èló ni jálẹ̀?” ti fi hàn pé ọkọ̀ náà ti wọ òun lójú. Ó sàn kí ó yí ẹ̀yìn padà; bí iye tirẹ̀ kò bá burú jù, wọn a sábà pè é padà. Ti alágbàtà tí ń sáré láàárín àwọn méjèèjì ńkọ́? Owó tirẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n ń pè, bí ó tilẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ òǹrajà.

Ṣùgbọ́n bí iye bá wálẹ̀ wọ̀ọ̀ láìjà, ìwé ọkọ̀ ni kí a kọ́kọ́ béèrè. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tí a yọ́ gbé wá láti Kútọnù lè dín lówó, nítorí a kò san owó ibodè lé e. Bí àwọn aṣọ́bodè bá dá a dúró lójú ọ̀nà, ọwọ́ ẹni tí ń wà á ni wọn yóò ti gbà á. Ọkọ̀ lọ, owó kòkó lọ, òǹtajà sì ti pa fóònù rẹ̀.