Iná Láti Inú Ìtọ̀

Ẹ mọ ọ̀pá dúdú inú píìlì rédíò. Èédú ni, òun ni iná ń gbà kọjá.

Ní ọdún 2017, wọ́n fi ìtọ̀ tan iná sí ilé ìgbẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Kisoro, ilẹ̀ Uganda. Báwo ni? Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń jẹ ìdọ̀tí inú ìtọ̀. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, wọ́n ń tú iná sílẹ̀. Irin lásán kò lè gba iná náà pẹ́: ìpẹtà á jẹ ẹ́. Èédú àti irin tí kì í dípẹtà ló yẹ ẹ́.

Iná yìí kò lè yí ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jáde lóru á rí ibi tí ó ń tẹ̀.