Àpótí Ìtọ́jú Pàjáwìrì Inú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kọ́ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ti irúgbìn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni.

Bí àdá bá gé ènìyàn lójúgun nínú oko, tàbí tí ọkọ̀ tó kó iṣu àti èrò bá ṣubú lọ́nà Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí, ilé ìwòsàn lè jìnnà. Ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá rẹ̀ bá já lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ọkọ̀ tóó dé ọ̀nà ọlọ́dà pàápàá. Ẹni tó bá wà nítòsí ló máa gbà á là, ohun tó máa fi ṣe é sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọkọ̀.

Àwọn awakọ̀ kan á ní àwọn ti ní àpótí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i wò. Púpọ̀ nínú èyí tí mo ti rí, nítorí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni wọ́n ṣe rà á: ìgò oògùn kan tó ti gbẹ, òwú tí eku ti fi tẹ́ ìtẹ́, pílásítà kékeré méjì. Òmíràn wà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà nílé.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju agbára ẹgbẹ́ lọ. Gọ́ọ̀sì mímọ́ tí a kò tíì tú ọ̀rá rẹ̀, kó pọ̀ dáadáa, báńdéèjì fífẹ̀ 4 tàbí 5, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn má baà kàn yín lára, àlùmọ́gàjí tó mú, tí a ó fi gé ṣòkòtò, ọṣẹ, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ tí a ó fi gbé apá tó bá kán kọ́ ọrùn. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ lítà 10 tì í, ẹ má sì jẹ́ kí awakọ̀ bù ú sí rádíétọ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi gọ́ọ̀sì lé e, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ gírígírí fún ìṣẹ́jú 10. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n á ṣí i wò bóyá ó ti dá, ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ dì á tún tú. Ẹ má ṣí i. Bí gọ́ọ̀sì bá rin gbingbin, ẹ fi òmíràn lé e lórí, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Tó bá dá, ẹ fi báńdéèjì dì í, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ má fi òwú lé ojú ọgbẹ́, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́ílì ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Bẹntiróòlù ńkọ́? Rárá o. Iyẹ̀pẹ̀ ló burú jù, torí inú rẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, àrùn tí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ há.

Bí omi rádíétọ̀ bá bó ènìyàn, omi tútù ni kí ẹ máa rọra dà sí i fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin. Omi náà ni fún oògùn apakoríko tó bá ta sójú. Kí ẹ sì mú agolo oògùn náà dání kí dókítà lè kà á.

Ní ti ejò, ìbáà jẹ́ ṣèbé, ìbáà jẹ́ paramọ́lẹ̀, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má fi ẹnu fà á. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní òkúta dúdú nínú àpò. Kò lè fa oró jáde. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ibẹ̀ tó wú, ẹ so ẹsẹ̀ náà mọ́ pákó pẹlẹbẹ kó má mira, kó má sì le jù. Ẹ gbé e, kó má rìn. Ilé ìwòsàn ni a ti ń gba oògùn oró ejò, kì í gbé inú àpótí ọkọ̀.

Ẹni tó bá dákú, ẹ má da omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Bó bá ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.

Abẹ́ ìjókòó ni kí àpótí wà, kì í ṣe abẹ́ àpò gàrí. Ẹ má kó oògùn oníhóró sí i, ooru ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn ń bà á jẹ́. Kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ ìpàdé oṣooṣù. Ohun tí a bá lò, àpò ẹgbẹ́ ni kí a ti rà á padà, torí awakọ̀ tó bá mọ̀ pé òun ni yóò san án kò ní í fẹ́ tú u.

Ẹ lẹ ìwé mọ́ inú ìdérí rẹ̀: 112 fún pàjáwìrì, 122 fún Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, àti orúkọ ilé ìwòsàn tó ń ṣí lóru nítòsí yín. Ẹ lọ béèrè lọ́sẹ̀ yìí èyí tó ní oògùn oró ejò, kí ejò tóó bu ẹnikẹ́ni jẹ.