Ọkọ̀ Akẹ́rù Tuntun àti Àdéhùn Àtúnṣe Ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi ọkọ̀ akẹ́rù tuntun kó iṣu láti Minna lọ sí Ìbàdàn, ẹ kíyè sí èyí. Bí mẹkáníìkì bá yí pọ́ǹpù dísù kí epo púpọ̀ lè wọ ẹ́ńjìnnì, agbára ọkọ̀ yóò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín dúdú yóò máa tú jáde, ooru àpọ̀jù sì lè yọ́ písítìnì. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ náà lè kọ̀ láti tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Fífi sípíríǹgì kún ti ẹ̀yìn kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: férémù àti áàsù kò tìtorí rẹ̀ lágbára sí i. Pákó ẹ̀gbẹ́ tí a fi bóòtù dè láìlu férémù kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì ọ́ìlì tí ẹ pààrọ̀.