Ọmọ tó ń mí hẹlẹ lórí pápá lè má jẹ́ ọ̀lẹ: ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò

Ẹni tó bá ń gbé Navy Town l'Ọ́jọ̀ọ́, tàbí ní Ìbà àti Okokomaiko, yóò mọ ohun tí à ń sọ. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ á bọ́ síta, àwọn kan á máa gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn, àwọn mìíràn á máa sáré nítorí ìdíje ilé ìwé wọn. Ẹ lè rí ọmọbìnrin kan láàárín wọn tó jẹ́ pé òun ló ń ṣíwájú lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n tó bá sáré dé ìdajì lọ́dún yìí, á dúró, á fọwọ́ ti orúnkún, á máa mí hẹlẹ. Bàbá á ní ọ̀lẹ ni. Ìyá á ní fóònù tó ń tẹ̀ di òru ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má tíì bú u.

Èròjà irin, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní áyọ́ọ̀nù, ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé atẹ́gùn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ẹsẹ̀, apá àti ọpọlọ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta irin tó wà lára wa, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Tí kò bá tó, àyà á máa já, orí á máa fọ́, ẹsẹ̀ á wúwo bí òkúta. Nígbà tí Falilat Ogunkoya gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú eré 400 mítà ní Atlanta lọ́dún 1996, ìṣẹ́jú àáyá 49.10 ló fi sá a. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò lè dán irú ẹ̀ wò.

Àwọn ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí nǹkan oṣù. Mìlígíráàmù 15 lójúmọ́ ni wọ́n ní kí ọmọbìnrin ọdún 14 sí 18 máa rí, ti ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 11. Eré sísá tún ń fi kún un: díẹ̀ ń bá òógùn lọ, ẹsẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀ léraléra sì ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn eré tó le, ẹ̀dọ̀ á tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin jáde, èyí tó ń dí irin lọ́nà fún wákàtí mélòó kan. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí oúnjẹ tó ní irin wáyé láàárọ̀, kí ọmọ tó lọ sí pápá.

Iyanrìn tí à ń wí yẹn náà ń kọ́? Kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ tútù tí ìgbẹ́ ènìyàn bá ti kàn, tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tó sì ń lọ mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Bàtà ṣe pàtàkì, oògùn aràn náà sì ṣe pàtàkì. Ibà tún ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ìwádìí ìjọba tó jáde lórí ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, 58 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó.

Irin inú ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹran àti ẹja ló ń tètè wọ ara. Ti ẹ̀wà, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ugu kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀, àyàfi tí a bá fi ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ̀ lé e, tàbí tí a gé ẹja díẹ̀ sínú ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá fi tíì tàbí kọfí sin ẹ̀wà rẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lé irin náà lọ ni. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó mu ún. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ṣì ní ìkòkò irin, ẹ má tíì jù ú nù o. Ìwádìí kan ní Ẹtiópíà tí wọ́n gbé jáde ní 1999 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ń jẹ oúnjẹ ìkòkò irin sunwọ̀n ju ti àwọn tó ń jẹ ti alumíníọ̀mù lọ.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò tí à ń rà lójú títì kì í ṣe ohun tí à ń mu láìṣe àyẹ̀wò. PCV kì í wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n PCV lè dára kí irin tó wà nípamọ́ ti ń tán lọ. Àyẹ̀wò ferritin ló ń fi ìyẹn hàn, ẹ béèrè rẹ̀ fún ọmọ tó ń sáré. Ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS kò gbọdọ̀ gba irin láìjẹ́ pé dókítà ní kó gbà á, pàápàá tí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, nítorí irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹ fi oògùn irin pa mọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké, ó jọ súìtì, ó sì lè pa ọmọ.

Ti àwọn àgbàlagbà yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹ̀jẹ̀ bàbá tàbí màmá bá lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ibì kan ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú: ọgbẹ́ inú, oògùn ara ríro tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, tàbí jẹjẹrẹ ìfun. Oògùn irin máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ìyẹn kò léwu. Àmọ́ bí ìgbẹ́ àgbàlagbà bá dúdú bí ọ̀dà, tó rọ̀, tó sì ń rùn burúkú, tí kò sì lo oògùn irin rárá, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.